Ọ̀bọ Tí Kì í Sá ní Igbó Ọ̀ṣun

Bí ẹnikẹ́ni bá ti Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo dé, ère ni yóò kọ́kọ́ ròyìn. Yóò sọ bí wọ́n ti ga tó àti bí wọ́n ti ń dẹ́rù bani, lẹ́yìn náà ni yóò fa fóònù yọ láti fi fọ́tò hàn yín, níbi tí ó ti dúró níwájú ọ̀kan nínú wọn tí ó ń rẹ́rìn-ín. N kò bá a wí. Àwọn ère náà yẹ ní wíwò, èmi náà yóò sì sọ tèmi nípa wọn láìpẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lámèyítọ́ ni mo jókòó kọ, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ṣe lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí ohun tí ó tóbi jù nínú iṣẹ́ tí ó ń yẹ̀ wò. Lójú tèmi, kì í ṣe ère ni. Ọ̀bọ ni. Bí ẹ̀rín bá ń pa yín, ẹ rín in, kí ẹ sì máa bá mi bọ̀.

Àwọn ọ̀bọ inú igbó yẹn kì í sá fún ènìyàn. Nígbà tí kíláàsì wa lọ síbẹ̀ ní sáà tí ó kọjá, ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi, ó jókòó sórí ògiri, ó fi ìrù rẹ̀ sílẹ̀ kó máa mì dirodiro, ó wá ń wo àwa ọmọ ilé-ìwé tí a tò ní méjì-méjì bí ẹni pé àwa ni wọ́n kó wá fún un láti wò. Òmíràn, tí ó gbé ọmọ mọ́ àyà, wà lórí ẹ̀ka tí ó ga díẹ̀ ju orí wa lọ. Ó wò wá lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń yọ nǹkan kúrò nínú irun ọmọ rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Ó lè jẹ́ nǹkan kékeré lójú ẹni tí ó ń gbé ní Òṣogbo. OPIC Estate ni àwa ń gbé, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, n kò sì tíì rí ẹranko ìgbẹ́ kan níbẹ̀ tí kì í sá, àyàfi èyí tí ó ti kú. Nígbà tí ilẹ̀ àbàtà tí ó wà lẹ́yìn ilé wa ṣì jẹ́ igbó, awọ́nríwọ́n máa ń jáde sí ojú gọ́tà lẹ́yìn òjò. Kí ó tó yí orí padà, géńdé mẹ́ta ti yọ igi sí i. Ọ̀yà àti ẹtu, ẹ̀bá títì ni mo ti mọ̀ wọ́n: ẹni tí ń tà wọ́n á gbé wọn sókè ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, á máa fì wọ́n sí àwọn mọ́tò tí ń sáré bọ̀. Ọmọdé tí ó bá dàgbà lọ́dọ̀ wa mọ bí ẹran ìgbẹ́ ti ń dùn kí ó tó mọ bí ojú ẹranko náà ti rí nígbà tí ó wà láàyè. N kò fi èyí bá ọdẹ jà. Ọdẹ ni ẹni tí ó kọ́kọ́ dé Igbó Ọ̀ṣun pàápàá.

Kí n tó sọ ìtàn yẹn, ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn jìnnà díẹ̀, nítorí ibì kan wà ní ayé tí ó jọ Igbó Ọ̀ṣun ju bí a ti rò lọ. Ìlú Nara ni, ní orílẹ̀-èdè Jàpáànù. Òun ni olú-ìlú wọn láti ọdún 710 sí ọdún 784. Tẹ́ńpìlì ńláńlá wà níbẹ̀, nínú ọ̀kan ni ère Búdà tí wọ́n fi bàbà rọ, tí ó ga tó mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àmọ́ ohun tí àwọn àlejò ń tìtorí rẹ̀ rẹ́rìn-ín ni àgbọ̀nrín. Wọ́n lé ní 1,000, wọ́n ń rìn fàlàlà ní ọgbà ìlú àti ní ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì, wọ́n tilẹ̀ ń sọdá títì níwájú mọ́tò. Ìtàn wọn ni pé nígbà tí wọ́n dá ojúbọ Kasuga sílẹ̀ ní ọdún 768, àgbọ̀nrín funfun ni òrìṣà tí ń jẹ́ Takemikazuchi gùn wá láti ọ̀nà jíjìn. Láti ìgbà náà ni àgbọ̀nrín ti di ìránṣẹ́ òrìṣà. Láyé àtijọ́, wọ́n lè pa ẹni tí ó bá pa ọ̀kan. Síbẹ̀, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì fi máa parí, tí ebi ti mú àwọn ènìyàn, àgbọ̀nrín 79 péré ni ó kù. Ní ọdún 1957 ni ìjọba wá fi òfin dáàbò bò wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iye yẹn sọ́kàn: 79. Ó fi hàn pé kì í ṣe ohun tí ó kàn wà bẹ́ẹ̀ láti ayébáyé ni kí ẹranko máà sá fún ènìyàn. Ó lè bàjẹ́, ó sì lè tún un ṣe.

Ìtàn ti Òṣogbo rèé bí àwọn àgbà ti ń sọ ọ́. Ọ̀dá omi lé Lároóyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Olútìmẹ́hìn, ọdẹ tí ń pa erin, ni ó rí odò kan nínú igbó. Wọ́n tẹ̀dó sí etí rẹ̀. Bí wọ́n ti ń gé igi, ọ̀kan wó sínú omi, ohùn kan sì ké láti inú odò pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ọ̀ṣun ni. Ó ní kí wọ́n sún sókè díẹ̀, kí wọ́n fi etí odò sílẹ̀ fún òun, òun yóò sì máa ṣọ́ wọn. Wọ́n gbà. Nígbà tí Lároóyè wá bọ odò, ẹja kan jáde wá, ó tẹ́wọ́ gbà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ oyè ọba Òṣogbo ti wá títí di òní: Àtáọ́ja, ẹni tí ó tẹ́wọ́ gba ẹja.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí ohun kan. Ẹni tí ó jẹ̀bi nínú rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn búburú. Ilé ló fẹ́ kọ́, ó gé igi, igi wó. Gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe ní Mowe àti Ibafo lójoojúmọ́ nìyẹn. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tirẹ̀ gbọ́ nígbà tí ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn ké, wọ́n sì sún sẹ́yìn. Láti inú àdéhùn yẹn ni èèwọ̀ ti jáde: a kì í dẹ ọdẹ nínú igbó náà, a kì í pẹja nínú odò rẹ̀, a kì í gé igi rẹ̀, a kì í dáko síbẹ̀.

Èèwọ̀ náà bàjẹ́ nígbà kan. Èyí ni àwọn tí ń ròyìn igbó náà máa ń sáré kọjá, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀rọ̀ gan-an. Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1959, àwọn àwòrò ń dín kù, ojúbọ ń wó, olè ń jí ère igi kó lọ tà fún àwọn oníṣòwò nǹkan àtijọ́. Ẹ̀ka ìjọba tí ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó gba apá kan nínú ilẹ̀ náà láti fi dán ọ̀gbìn wò, wọ́n gé igi lulẹ̀. Àwọn kan ń dẹ ọdẹ níbẹ̀, àwọn kan ń pẹja. Bí ó bá ti ń lọ bẹ́ẹ̀, lónìí ni à bá máa pe ibẹ̀ ní èsìtéètì.

Susanne Wenger, ará Austria tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, tí àwọn ará Òṣogbo wá ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ni ó bá àwọn àwòrò àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú náà pawọ́ pọ̀ láti dá igbó náà padà. Wọ́n tún ojúbọ kọ́, wọ́n sì fi amọ̀, irin àti símẹ́ǹtì mọ àwọn ère tí a ń wò lónìí. Ní ọdún 1965, ìjọba kéde apá kan níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1992, wọ́n fa ààlà náà gbòòrò dé gbogbo hẹ́kítà 75. UNESCO fi í sínú àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2005.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo àwọn ère náà. Nínú kíláàsì wa, àwọn kan ní wọn kò lẹ́wà. Wọ́n ní ojú wọn pọ̀ jù, apá wọn gùn jù, pé bí ẹni pàdé wọn lálẹ́ yóò sá. Mo gbà pẹ̀lú wọn pé wọ́n ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n n kò gbà pé àbùkù ni. Ohun tí wọ́n ṣe wọ́n fún nìyẹn. Olè lè gbé ère igi sábẹ́ agbádá kí ó bá tirẹ̀ lọ. Ta ni yóò gbé Ìyá Mòòpó, tí ó tóbi ju ilé ẹlòmíràn lọ? Ẹni tí ó bá gbé ayùn wá láti gé igi ńkọ́? Yóò kọ́kọ́ kọjá níwájú ohun tí ń wò ó láti òkè. Ère tí ó wà ní mùsíọ́mù ń bẹ̀ ọ́ pé kí o wo òun. Ère Igbó Ọ̀ṣun ń bi ọ́ pé kí ni o wá ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ère kọ́ ni ó tóbi jù níbẹ̀: ọgbà ni ère, ohun tí ó wà nínú ọgbà ni kí a wò.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni mo fẹ́ràn bákan náà. Àwọn kan wà tí nǹkan inú wọn pọ̀ débi pé ojú kò mọ ibi tí yóò sinmi sí, ó dà bí ẹni tí ń sọ ìtàn mẹ́rin pọ̀. Èyí tí ó wù mí jù ni ọnà símẹ́ǹtì Adébísí Àkànjí. Bíríkìlà ni ọkùnrin náà kí ó tó di gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà, ó sì hàn. Ohun tí ó bá mọ dúró dáadáa lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ṣe àṣejù, bí ẹni pé ògiri ilé ni ó ń mọ tí ènìyàn àti ẹranko kàn yọjú láti inú rẹ̀. Ewé tútù ti hù sára àwọn iṣẹ́ kan nínú igbó náà, aláǹgbá ń gorí wọn. Kò bà wọ́n jẹ́ lójú mi rárá.

Mo mẹ́nu ba Àkànjí nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé tí ń yin igbó yìí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé obìnrin òyìnbó kan ṣoṣo ni ó dá a ṣe. Obìnrin náà ṣe bẹbẹ. Ó lé ní àádọ́ta ọdún ní orílẹ̀-èdè yìí, Òṣogbo ni ó kú sí ní ọdún 2009, ẹnikẹ́ni kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Kàsálí Àkàngbé wà níbẹ̀, Búráímọ̀ Gbàdàmọ́sí wà níbẹ̀, Sáká Àrẹ̀mú wà níbẹ̀, Rábíù Abẹ́sù wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún àwọn orúkọ wọ̀nyẹn kà. Kàsálí, Búráímọ̀, Sáká, Rábíù: orúkọ tí ààfáà ń sọ ọmọ ni wọ́n. N kò mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, n kò sì ní purọ́ mọ́ wọn. Mo kàn rí i pé ìlú tí ó fún igbó ní ọgbà kò kọ́kọ́ béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni tí ó bá lè po símẹ́ǹtì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn yìí kan ilé wa. Nígbà tí mo mú ìwé àṣẹ ìrìn-àjò náà délé, bàbá mi kò fọwọ́ sí i. Wọ́n ní àwọn kò ní fi owó àwọn rán ọmọ lọ sí ojúbọ òrìṣà. Ìwé náà wà lórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́rin. Màmá mi ni wọ́n bá wọn sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ karùn-ún, wọ́n ní, "Bàbá wọn, ojú ni ọmọ fi ń wo nǹkan, kì í ṣe orúnkún." Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé inú wọn kò tíì dùn sí i tán. Mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí wọ́n gbàgbọ́, ohun tí wọ́n gbàgbọ́ náà ni èmi gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn òbí tí ń ka ìwé yìí bá mi dáhùn. Nínú gbogbo ilẹ̀ tí ó wà láti OPIC Estate dé Òṣogbo, tí a gba Ìbàdàn, tí a yà ní Gbọ̀ngán, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ka sí ilé òrìṣà kankan, níbo ni ọ̀bọ ti lè gbé ọmọ mọ́ àyà lókè orí ènìyàn kí ó máà bẹ̀rù? Bí àwa tí a ní a sin Ẹlẹ́dàá kò bá ní irú ibẹ̀ láti fi hàn, ó yẹ kí a lè lọ wo ti ẹlòmíràn.

Ní Boabeng àti Fiema, abúlé méjì ní orílẹ̀-èdè Ghana, ọ̀rọ̀ yìí di ìjà. Èèwọ̀ ni láti pa ọ̀bọ níbẹ̀, bí ọ̀bọ bá kú, wọ́n á sin ín. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn kan tí ìjọ wọn kò ka èèwọ̀ sí bẹ̀rẹ̀ sí pa wọ́n. Òfin ìjọba ni wọ́n fi gbà wọ́n là. Ọ̀bọ wà níbẹ̀ dòní.

Ohun tí mo rí tí kò dùn mọ́ mi nínú kọ́ kò ju bisikíìtì lọ. Ọmọ kíláàsì wa kan ju odidi páálí bisikíìtì kan sí ọ̀bọ orí ògiri yẹn, pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀. Ọ̀bọ náà já ọ̀rá náà bí ẹni tí ó ti ń ra bisikíìtì tipẹ́. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, fóònù jáde. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè kan wọ̀ mí lọ́kàn: ṣé nítorí àdéhùn Lároóyè ni ọ̀bọ yìí kò fi sá, àbí nítorí bisikíìtì? Bí ó bá jẹ́ bisikíìtì ni, a jẹ́ pé gbogbo ohun tí mo ti ń kọ bọ̀ yìí ti já sí asán, nítorí ajá ilé oúnjẹ ẹ̀bá títì pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó wà lórí ẹ̀ka ni ó dá mi lóhùn. Kò sọ̀kalẹ̀ wá gba bisikíìtì, bẹ́ẹ̀ ni kò sá. Ohun tí èèwọ̀ ṣe nìyẹn. Ti orí ògiri, àwa àlejò ni a kọ́ ọ.

Àwọn ará Nara mọ ìyàtọ̀ yìí. Wọn kò lè dá àlejò lẹ́kun pé kí ó má fún àgbọ̀nrín lóúnjẹ, nítorí náà wọ́n ṣe bisikíìtì kan tí ó jẹ́ ti àgbọ̀nrín nìkan, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àti èèrí ìrẹsì ṣe láìfi ṣúgà sí i, owó tí ó bá sì wọlé láti ibẹ̀ ń lọ sí ìtọ́jú wọn. Síbẹ̀, ní ọdún 2019, nínú àgbọ̀nrín 14 tí ó kú láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n bá ọ̀rá nínú ikùn mẹ́sàn-án. Ọ̀rá inú ikùn ọ̀kan wọn tó kílò mẹ́rin lé díẹ̀. Àwọn àgbọ̀nrín tí oúnjẹ ti mọ́ lára tún máa ń kan àlejò tàbí kí wọ́n bù ú jẹ. Ohun tí ń bà mí lẹ́rù nípa Òṣogbo nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ọ̀bọ kan bá já àpò gbà lọ́wọ́ ọmọ kékeré kan tí ó sì ha á lọ́wọ́, òbí ọmọ náà yóò wá igi. Igi yẹn ni yóò kọ́ gbogbo ọ̀bọ inú igbó bí a ti ń sá.

Ọ̀rọ̀ odò tún ju ti bisikíìtì lọ. Ìgèdè-Èkìtì ni Odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, ó sì gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kí ó tó dé Òṣogbo. Láàárín ọdún mélòó kan yìí, àwọn tí ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti da ẹrẹ̀ sínú omi náà títí ó fi pọ́n bí epo. Ní ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ wá sí ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà. Ẹ wo bí ó ti rí: nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, Arugbá ru igbá dé etí omi, àwọn tí ó tẹ̀ lé e gbé kèrègbè dání láti bu omi lọ sílé gẹ́gẹ́ bí ìyá wọn ti ń ṣe, ìkìlọ̀ ìjọba sì wà pé kí wọ́n má fi kan ẹnu. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Lároóyè ti kúrò nítorí àìsí omi. Láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà náà ni ẹrẹ̀ ti wá bá a níbi tí ó sún sí. Ère kankan kò sí ní etí kòtò tí wọ́n ti ń wa wúrà láti béèrè ohun tí wọ́n wá ṣe. Ẹja tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìwọ̀ mú nínú igbó náà, inú omi yẹn ni ó ń gbé.

Bí mo bá jẹ́ ẹni tí ń kọ ìwé nípa Igbó Ọ̀ṣun fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ibẹ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀, lórí omi àti ẹja. Máa wá mú ọ̀bọ, kí n tó mú ère wá gbẹ̀yìn.

Kíláàsì tí ó wà lẹ́yìn wa ni yóò lọ ní ọdún tí ń bọ̀, àbúrò mi sì wà níbẹ̀. Bàbá mi ti ní àwọn yóò fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀ bí ó bá ṣe dáadáa nínú ìdánwò. Mo ti sọ fún un pé kí ó jẹ bisikíìtì rẹ̀ tán nínú bọ́ọ̀sì, kí wọ́n tó dé Òṣogbo, kí ó sì kó ọ̀rá rẹ̀ sápò.